Wọ́n Bọ́ Mi Yó Jù Lójú Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n

Ìwọ tó ń ka èyí, jọ̀ọ́ dá mi lóhùn: bí àgbà mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí ẹ bá ra odindi itan adìyẹ fún ẹ, tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí ẹ, ṣé wàá jẹ ẹ́ ni, àbí wàá sá? Èmi jẹ ẹ́ ṣá. Mo jẹ ẹ́, mo fọ́ egungun ẹ̀, mo fa mùdùnmúdùn inú ẹ̀ mu, kí n tó wá rántí pé ó yẹ kí n fura. Irú ọlọ́gbọ́n tí mo jẹ́ nìyẹn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá nígbà náà. Iṣẹ́ mi ní Ìkòtún ò ju kí n jí, kí n jẹun, kí n máa retí èsì ìdánwò, kí n sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìgándò tó ń tún mọ́ṣíìnì ọ̀kadà ṣe. Mi ò kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ o. Mo kàn máa ń gba gbogbo èèyàn nímọ̀ràn ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Ọ̀mọ̀wé, kì í sì í ṣe oríyìn.

Ọ̀gá yìí ní ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ máa ń gun mọ́ṣíìnì lọ sọ́nà jíjìn, kí wọ́n ṣáà lè rí ayé. Ọ̀kan jẹ́ wòlíì nínú ìjọ aláṣọ funfun, ọkùnrin gíga kan tó jẹ́ pé tó bá ti wọ sùtánà báyìí, kò ní wọ bàtà mọ́, ì báà jẹ́ lórí ọ̀dà gbígbóná. Ìkejì jẹ́ àǹtí kan tó ń dirun ní Ẹ̀gbẹ́dá. Òun ló ni mọ́ṣíìnì tó tóbi jù, òun náà lẹnu ẹ̀ mú jù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó nawọ́ sí mọ́ṣíìnì pupa kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà.

"Ọ̀mọ̀wé, à ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n, lórí àwọn òkè Èkìtì lọ́hùn-ún. Ìwọ lo máa gun eléyìí."

"Èmi kẹ̀? Eélòó ni kí n mú wá, Ọ̀gá?"

"Kò sí kọ́bọ̀. Epo o, oúnjẹ o, ọrùn mi ni gbogbo ẹ̀ wà. Ìwọ má ṣáà sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹ gbọ́ o, má sọ fún ẹnikẹ́ni! Ọmọ tó bá ní làákàyè, ibẹ̀ ló ti máa sá. Èmi lọ yá akoto tí wọ́n fi ń bo orí. Mo sọ fún màmá mi pé mò ń tẹ̀ lé wòlíì lọ gbàdúrà lórí òkè, inú wọn sì dùn gan-an, torí ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ mi kanrí.

A gba Abúlé Ẹ̀gbá jáde ní ìdájí, a kọjá Sángo, a forí lé Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ la ti dúró mu omi. Wòlíì wò mí títí, ó ní, "Ọmọ ìkeélòó ni ẹ́ lọ́wọ́ màmá ẹ?" Mo ní èmi nìkan ni wọ́n bí. Ó kàn wo ọ̀gá, ó mirí. Látìgbà náà ni wọ́n ti fi mí sáàárín, ọ̀gá níwájú, àwọn méjì tó kù lẹ́yìn, bí ìgbà tí wọ́n ń mú ẹlẹ́wọ̀n lọ sí kóòtù. Tí mo bá yà sápá òsì díẹ̀, fèrè àǹtí á dún, páà!

A sùn ní Ifẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo ń wọ bàtà mi, àǹtí yìí gbá ìgbànú mi mú látẹ̀yìn, ó gbé mi kúrò nílẹ̀ bí ẹni gbé ewúrẹ́ wò lọ́jà. Ó ní, "Ó fúyẹ́ dáadáa. Ó máa ṣe é." Mo ní kí ni mo máa ṣe? Àǹtí ti lọ tanná mọ́ṣíìnì ẹ̀. Ìgbà tó di Iléṣà ni ìtàn adìyẹ yẹn wá ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ra itan adìyẹ fún mi, ó tún fẹ́ ra ìkejì, ni àǹtí bá pariwo pé, "Ẹ má jẹ́ kó yó jù o, Ọ̀gá! Kó má lọ kó wa sí wàhálà lókè." Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń lá ọwọ́. Ìgbà tí mo lá ìka kẹta ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí mi lára. Wàhálà wo ló wà nínú kí n yó? Màmá mi máa ń sọ pé páńsá ò fura, páńsá já sí iná; àjà ò fura, àjà jìn. Páńsá ò tiẹ̀ jẹ adìyẹ kankan.

Ẹni tó bá dàgbà sí Alímọ́ṣọ́ ò mọ òkè. Èyí tó ga jù nínú ohun tí mo ti gùn rí ni bíríìjì Abúlé Ẹ̀gbá, orí ẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọgbọ́n àwọn ọlọ́kadà wa: tó o bá ti dé òkè bíríìjì, pa ẹ́ńjìnì, fi gíà sí fríì, kí mọ́ṣíìnì máa yí lọ fúnra ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Epo tó o bá ṣẹ́kù síbẹ̀, èrè ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òkè wà láyé yìí tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kì í tètè dé.

Lẹ́yìn Erin Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ bí ìfun àgùntàn. Àpáta lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì, àwọn igi ọ̀pẹ inú ọ̀gbun náà sì kéré bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ sókè. Tírélà kan ń fà níwájú wa, ó ń mí bí aboyún tó ń gun àtẹ̀gùn. Etí mi dí, ó là, ó tún dí. Kùrukùru tútù gbá mi lójú, oòrùn tún yọ lẹ́yìn kọ́nà, gbogbo òkè tó kù sì tò lọ rẹrẹẹrẹ títí ojú mi ò fi ká wọn mọ́. Mọ́ṣíìnì mi ń ké, ó ń fà, àmọ́ kò kú. Kí n má parọ́, mo gbàgbé pé mò ń fura. Mo ń kọrin nínú akoto.

Nígbà tá a dé orí òkè pátápátá, ọ̀gá ní ká dúró. Wòlíì bọ́ bàtà, ó wọ sùtánà ẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ níwájú mọ́ṣíìnì mi. Ó kó àbẹ́là jáde, ó gbé ìgò omi kan jáde, ó wá yọ ọ̀bẹ tuntun kan, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀.

"Ọ̀mọ̀wé, bọ́ bàtà ẹ, wá kúnlẹ̀ síbí."

"Ṣé gbogbo wa ni, sà?"

"Rárá. Ìwọ nìkan."

Àǹtí ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ wojú ẹ̀, bí ojú àgbò tó rí oṣù iléyá!"

Àwàdà ni lójú tiẹ̀. Mo fo gun mọ́ṣíìnì. Mo tẹ̀ ẹ́ kó tanná, kò dáhùn, torí ó ti gbóná jù. Ni mo bá fi í sí fríì, mo tì í sójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ń lọ. Mo rò pé mo ti gbọ́n nìyẹn. Kọ́nà àkọ́kọ́, mo yọ. Kọ́nà kejì, mo rí wọn nínú díńgí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lé mi bọ̀. Sùtánà wòlíì fẹ́ sókè lẹ́yìn ẹ̀ bí àwọ̀n ẹ̀fọn tí atẹ́gùn gbé, ẹsẹ̀ ẹ̀ lásán sì wà lórí gíà. Mo tẹ bíréèkì, ó mú díẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òórùn rọ́bà jíjóná ló kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ.

"Wọ gíà!" ọ̀gá ń pariwo. "Ọ̀mọ̀wé, wọ gíà! Wọ gíà!"

Mo gbọ́ ọ kedere. Àmọ́ ta ló ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tó ń lé e? Mo rò ó pé wọ́n fẹ́ kí n ṣubú ni. Kọ́nà tó wà níwájú sì ń bọ̀, lẹ́yìn ẹ̀, òfuurufú nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rí ojú màmá mi. Mo ní, ó dáa, tí wọ́n bá máa pa mí, kí àwọn náà fọwọ́ ara wọn ṣe é, kí n má bá wọn ṣe iṣẹ́ wọn. Mo wọ gíà. Mọ́ṣíìnì ta mí nípàá bí ìbaaka, ẹ́ńjìnì ké, ó jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fà mí sẹ́yìn. Kọ́nà yẹn, mo bá a yí. Òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ kan wà létí ọ̀nà, orí ẹ̀ ni mo lọ sùn sí.

Àǹtí ló kọ́kọ́ dé. "Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé ṣá? Ta ló ń fi gíà sí fríì sọ̀ kalẹ̀ lókè Ẹ̀fọ̀n? Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Ẹ má pa mí, Àǹtí. Èmi nìkan ni màmá mi bí."

Ni ọ̀gá bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti tú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Bàbá ẹ̀ ló fẹ́ gbé mọ́ṣíìnì pupa yẹn fún. Orúnkún ń dun bàbá náà, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ lọ sóko lójoojúmọ́ lókè Ẹ̀fọ̀n. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ kéré. Tí ọ̀gá tó sanra bí àgbá bá gùn ún, àárín òkè ló máa kú sí. Ẹni tó fúyẹ́ jù ní gbogbo Ìkòtún ni wọ́n wá, èmi ni wọ́n rí. Ó ní kí n má sọ torí àdúgbò wa ni àbúrò ẹ̀ obìnrin ń gbé, tó bá gbọ́, bàbá á gbọ́, bàbá ò sì ní gbà. Wòlíì ló ní kí wọ́n fi mí sáàárín torí èmi nìkan ni màmá mi ní. Àdúrà mọ́ṣíìnì ni wọ́n fẹ́ ṣe, ẹni tó gbé e wá ló sì máa kúnlẹ̀. Ọ̀pẹ̀yìnbó tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ yẹn gé wà nínú báàgì àǹtí.

Wòlíì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọn iyanrìn kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ kóòtù àti táì ni mo wọ̀, ṣé wàá sá?"

Mo wo ilẹ̀. Èmi tí mo máa ń dá gbogbo èèyàn lóhùn.

Nígbà tá a dé abà bàbá, kókó ni wọ́n ń fọ́. Wọ́n yí mọ́ṣíìnì yẹn po, wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Ta ló ni eléyìí?"

"Tiyín ni, Bàbá," ọ̀gá wí.

"Tèmi? Torí kí ni? Ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ kí n tà?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ bí ọmọdé. Ó ní kò sí ilẹ̀, kò sí nǹkan kan tí òun fẹ́ gbà. Bàbá ò gbà. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, mi ò lè mú un mọ́ra. Bàbá ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, àǹtí sì ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, ó fi iyọ̀ sí i.

Bàbá kọjú sí mi. "O sá?"

"Mo sá, sà."

"Ìwọ nìkan ló gbọ́n nínú wọn. Ìfura loògùn àgbà. Ó yá, ìwọ lo máa gbé mi. Ẹni tó bẹ̀rù ikú tó báyẹn ò ní pa mí."

Bí mo ṣe gbé bàbá lọ sáàárín ìlú Ẹ̀fọ̀n nìyẹn, nínú gíà kìíní látòkè délẹ̀, ìgbín ń yà wá sílẹ̀. Wọ́n di ìbàdí mi mú gírígírí. Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀, mo retí pé wọ́n á bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Yí i padà, ká tún un lọ." Ọ̀gá dúró létí ọ̀nà, ó ń fi èékánná họ ara mọ́ṣíìnì tiẹ̀, kó má baà di pé a rí ojú ẹ̀.

Ìgándò ni mo wà báyìí, lórí bẹ́ǹṣì ọ̀gá, fóònù ni mo fi ń kọ èyí. Mo ṣì ń fura o. Lẹ́kùn wa yìí, ẹni tí kò bá fura ò ní pẹ́ rẹ́rìn-ín ẹkún. Àmọ́ mo ti rí i pé mo máa ń fura sí ẹnì kan níbi tí mi ò ti ní fura sí ẹlòmíì. Ẹni tó ra adìyẹ ò bà mí lẹ́rù tó ẹni tó wọ funfun. Wòlíì ò tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́, àwa méjèèjì la sì mọ̀ pé mi ò tíì dáhùn. Òun ló wà níwájú mi yìí, ó ń so ẹrù mọ́ mọ́ṣíìnì. Mo ti ń kó o jọ lẹ́nu láti àárọ̀, mo fẹ́ kúkú dìde kí n sọ fún un pé...

"Ọ̀mọ̀wé! Gbogbo èèyàn ti tanná mọ́ṣíìnì, ìwọ ń tẹ fóònù! Gbéra jàre!"

Àǹtí nìyẹn. Mo ní ibo là ń lọ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ṣé mo ní kó o bi mí ni? Gbéra!"

Mò ń bọ̀ o.