Ìkíni Nìkan Ló Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òórùn ẹja tí wọ́n ń dín létí títì gba ojú fèrèsé wọ ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Koumassi Remblais. Èmi àti màmá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ abẹ̀wò la jókòó síbẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Aládùúgbò opó kan nínú ìjọ wa ló ń pè; aránṣọ ni opó náà, Yopougon ní òdìkejì ìlú ló sì ń gbé. Opó náà ti lo ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù, ó sì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun kọ̀wé sí wa, tí ẹnikẹ́ni ò yọjú.

"Mais, a dá a lóhùn kẹ̀!" ni màmá wí. "Ó kí wa, a kí i padà. Ìwọ ọ̀gá informatique, ṣí kọ̀ǹpútà rẹ kí n rí i."

Mo ṣí i. Èmi ni mo ṣe ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìjọ wa fi ń gba ọ̀rọ̀, kété tí mo jáde yunifásítì, kí àwọn àgbà ìjọ tí kò lè wá mọ́ lè máa fi ránṣẹ́ sí wa. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, ọ̀kan ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Kò sí nǹkan mìíràn. Àwa náà ti dáhùn pé a jí dáadáa.

Lọ́sàn-án, ní ọsibítù, opó náà na fóònù rẹ̀ sí mi. Lẹ́yìn ìkíni, ó fi emoji, àwòrán kékeré ọwọ́ méjì tó pàdé bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà sí i. Ẹ̀yìn àwòrán náà ni ọ̀rọ̀ gan-an wà: "Ẹsẹ̀ mi wú, egbò rẹ̀ ti ń rùn. Mi ò lè dá wọ ọkọ̀ gbaka. Ẹ bá mi rán ẹnì kan wá."

"Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ mi ti sú yín ni," ló wí, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè.

Mo dán an wò lórí fóònù tèmi níbẹ̀: ìkíni, àwòrán, gbólóhùn kan. Ìkíni nìkan ló dé. Nígbà tí mo ń ṣe ojú ewé náà, mo ti fi orúkọ Faransé àti Yorùbá tòun ti àmì rẹ̀ dán an wò, gbogbo rẹ̀ sì wọlé pé. N kò ronú kan àwòrán. Ètò lẹ́tà àtijọ́ tí mo yàn fún ibi tí ọ̀rọ̀ ń wọ̀ kò gbà ju báìtì mẹ́ta, òṣùwọ̀n àyè inú ẹ̀rọ, fún lẹ́tà tàbí àwòrán kan. Mẹ́rin ni àwòrán yẹn ń gbà. Ẹ̀rọ náà ò sì kọ̀ ọ́ kí a lè mọ̀. Ṣe ló gé ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó da ìyókù nù láìpariwo. Ta ni nínú àwọn àgbà wa tí í sọ̀rọ̀ kó tó kíni? Àwọn tó mọ̀wà hù jù, tí wọ́n fi ọwọ́ méjì náà kún ìkíni, ni ọ̀rọ̀ wọn sọnù.

Èèyàn mẹ́sàn-án mìíràn ló ti fi ìkíni lásán ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti màmá lọ sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló kàn ń kí wa lóòótọ́; ohun kan ni àwọn mẹ́jọ yòókù ń bèèrè.

N kò lè sọ pé àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ìbá ti gba ẹsẹ̀ opó náà là. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀; ó ní àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tó wà nínú ìrora ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ tó gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ará tí kò bìkítà. Ní ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ sí Cotonou, mo wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì ojú iṣẹ́ abẹ láti pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní Cotonou, n kò mọ̀ ọ́n. Ìka mẹ́ta ló kù ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.