Etí Rasidat Oníkòkò

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Rasidat. Ọmọ Ṣakété ni. Ìkòkò amọ̀ ló ń tà ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu.

Kì í fi ojú yan ìkòkò. Ìka ló fi ń kàn án. Èyí tó dára a dún koo. Èyí tó sán a dún pẹ̀, bí ojú ò tiẹ̀ rí ibi tó ti sán. Etí ọ̀tún nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Èéyi ti ba tòsì jẹ́ láti kékeré.

Lọ́jọ́ kan ó wẹ̀ tán, etí ọ̀tún náà dí. Ó fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó, bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn. Ó tún dí sí i. Ó rò ó, rò ó, ó wá dí pa.

Kò pẹ́, Àbẹ̀bí ẹlẹ́wà gbé àfọ́kù dé.

"Rasidat, èmi lo ta eléyìí fún? Ẹ̀wà mi ló paná!"

Látífàt tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti dití! Lánàá mo ní kó wá jẹun, ó ní ká jí ire."

Rasidat ò rẹ́rìn-ín. Ìkòkò tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí kò bá gbọ́ dídún wọn, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́jà nìyẹn.

Ó lọ bá Ìbráhímù, nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò Gbégamey. Ìyẹn tanná wo inú etí.

"Màmá, ṣé ó ń dùn yín? Ṣé ọyún ń jáde? Ọ̀fìnkìn ńkọ́?"

"Rárá o."

"Ìdọ̀tí etí ni. Fúnra rẹ̀ ló máa ń jáde. Ìyẹ́ yín ló tì í wọlé, omi wá mú un wú."

"Èmi ni mo dí etí ara mi?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màmá."

Ó fún un ní òróró tí yóò máa kán sí i kí ìdọ̀tí náà lè rọ̀. Láàárọ̀ Jímọ̀, Rasidat padà lọ, nọ́ọ̀sì sì fi sírínjì fín omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí etí náà láti fọ̀ ọ́. Òòyì kọ́ Rasidat díẹ̀. Nǹkan dúdú kan bọ́ sínú abọ́. Háà! Alùpùpù lójú títì! Ọmọ tó ń sunkún níta! Gèlè tirẹ̀ pàápàá ń ha gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ sí i létí!

"Ẹ má pariwo mọ́, mo ti ń gbọ́!"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ń pariwo."

Eré ló sá dé Dantokpa. Wọ́n ti ń já ìkòkò tuntun náà nínú ọkọ̀. Ó kàn án: koo. Koo. Koo. Pẹ̀!

"Gbé ìyẹn padà!"

"Kò sóhun tó ṣe é, Ìyá," ni awakọ̀ wí.

Ó bu omi sí i. Omi bẹ̀rẹ̀ sí jò sí ẹsẹ̀ awakọ̀. Gbogbo ìsọ̀ hó yèè. Rasidat fúnra rẹ̀ ń jó. Ó mú èyí tó dún jù, ó gbé e fún Àbẹ̀bí lọ́fẹ̀ẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ẹ̀kọ tútù àti ẹja díndín, pẹ̀lú ata gígún.