Àpótí Sípíkà Tí Kò Gba Ẹnu Búùtù

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìgbéraga lójúkorojú, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Mo-ti-mọ̀. Kò sóhun téèyàn lè sọ fún un tí kò ní fi "mo ti mọ̀" dáhùn. Bí wọ́n bá ní òjò ń bọ̀, ó ti mọ̀. Bí wọ́n bá ní iná ti ràn mọ́ ọn láṣọ, ó ti mọ̀, àfi kẹ́ ẹ jẹ́ kó jó tán.

Ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù. Ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí ti ń ran aṣọ àga nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, nídìí máṣíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àga tí ọkọ bá kàn, òun ló ń fi fóòmù àti aṣọ bò ó. Òun náà ló ń tú ìjókòó ọkọ̀ táwọn oníbàárà bá gbé wá, tó ń wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun, tó sì ń dè é padà. Síbẹ̀, "Ọ̀gá Káfíńtà" nìkan ni pátákó ojú ṣọ́ọ̀bù sọ. Ó ti bẹ ọkọ rẹ̀ títí pé kó kọ iṣẹ́ tòun náà sí i. Èsì kan náà ló ń gbọ́: "Ta ni ò mọ̀ pé ìyàwó mi ni ẹ́?" Bí ẹni pé orúkọ ọkọ ló ń ran aṣọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn.

Lọ́jọ́ kan, onígbàjámọ̀ kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ọ̀rá ni wọ́n fi dí fèrèsé ọkọ̀ náà kan, àmọ́ béèsì, ìró sípíkà tó ń dún kìì nísàlẹ̀, ni ẹni tó ni ín ń wá. Ó fẹ́ àpótí sípíkà tó máa kún búùtù, kí ilẹ̀ máa mì kí òun tó yọ. Mo-ti-mọ̀ ki orí bọ inú búùtù, ó fi téèpù wọn ìbú, ó wọn gíga, ó wọn jíjìn.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ wọn ẹnu rẹ̀ náà o," ìyàwó ké láti ìdí máṣíìnì. "Inú rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀."

"Mo ti mọ̀." Ọkọ ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó kọjú sí onígbàjámọ̀. "Abẹ́rẹ́ ló mọ̀, kò mọ pákó."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Inú bí obìnrin náà gan-an, ṣùgbọ́n ó ń ran aṣọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti mọ̀, a kì í sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ náà dára. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rẹ́ pákó tó nípọn, tó fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo oríkèé kí afẹ́fẹ́ má baà ríbi jò, torí bí àpótí bá ń jò, ikọ́ ni sípíkà á máa wú. Ó gé ihò róbótó méjì síwájú rẹ̀. Ìyàwó fi kápẹ́ẹ̀tì dúdú bò ó, kò sì síbi tó hunjọ.

Ọjọ́ tí onígbàjámọ̀ gbé ọkọ̀ padà wá gbà á, ni àpótí ò bá wọ búùtù mọ́. Wọ́n gbé e ní ìbú, ó kọ̀. Wọ́n gbé e ní òòró, ó kọ̀. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹnu búùtù ṣì kéré sí i. Mo-ti-mọ̀ ń làágùn, kò rántí ohun tó ti mọ̀. Ó na ọwọ́ sí ayùn.

"Tẹ́ ẹ bá là á, ó máa jò," onígbàjámọ̀ sọ. "Gbogbo orí tí mo bá sì fá ládùúgbò yìí ló máa gbọ́ ọ."

Obìnrin náà dìde, ó mú sípánà. Ó wọ inú ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó sì gbé ìjókòó ẹ̀yìn jáde. Ọ̀nà là gbayawu láti inú ọkọ̀ dé búùtù.

"Ẹ gbé e gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn," ó ní.

Àpótí wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àmọ́ àgbà tiwa yìí ò dúpẹ́. Nígbà tí onígbàjámọ̀ ní, "Ọ̀gá, ọpọlọ yín pé," Mo-ti-mọ̀ húkọ́ díẹ̀.

"Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa gbà."

Ìyàwó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó wọ́ ìjókòó ọkọ̀ náà sí ojú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lé e, ó di nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́wọ́.

"Ìjókòó yìí ò ní padà sínú ọkọ̀, àfi tí pátákó yẹn bá sọ pé èèyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbí."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ wo ọkọ̀ rẹ̀ tí kò ní ìjókòó ẹ̀yìn mọ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́."

Mo-ti-mọ̀ gbé ọ̀dà, ó gun àga kan, ó kọ ọ́ sábẹ́ tiẹ̀: "àti ìyàwó rẹ̀."

Obìnrin náà kà á. "Iṣẹ́ wo ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe?"

Ọkọ fi àkísà nù ún. Ó tún un kọ: "àti Ọ̀gá Aránṣọ Àga." Lẹ́tà náà wọ́ díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé kà láti òdìkejì títì.

Obìnrin náà dìde, ó fún un ní nọ́ọ̀tì kan.

"Mẹ́ta tó kù di ìgbà tí ọ̀dà bá gbẹ," ó ní. "Àkísà ṣì wà lọ́wọ́ yín."