Ohun Tí Japhet Lábọ̀dé Kò Pè Ní Oúnjẹ

Ó tọ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé Japhet Lábọ̀dé kì í jẹ iyán pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti gbé àwo kalẹ̀, á tú aago náà, á nù ún lára ṣòkòtò, á kì í bọ àpò, lẹ́yìn náà ni yóò tó fọwọ́ kan omi. Bí ẹ bá bi í léèrè, á ní kò sí ohun tí aago fẹ́ ṣọ́ nídìí iyán. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń wa tasí láàárín Osi àti Ìlọ́fà, kò sì sí ọjọ́ tí ó yẹ àṣà yìí.

Ẹni tó bá ń fi irú ọ̀wọ̀ báyìí jẹun, ikùn rẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ikùn Japhet gbọ́. Ó kọ́kọ́ gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbọ́ títí ó fi dé ibi ìdarí ọkọ̀, tí òun àti Japhet jọ ń pín in lò. Àwọn ará gáréèjì ń kí i: "Kú ìgbádùn o! Ara yín ń dán!" Japhet náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe àmín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí ọ̀nà ti ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dé Ìlọ́fà, ewúrẹ́ mẹ́ta já sójú títì. Japhet tẹ búréèkì. Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi tó o létí pé òun ti tẹ nǹkan kan. Ṣe ni ẹsẹ̀ náà rí bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹ sùn ni?" ni ìyá tó jókòó níwájú ń pariwo.

Japhet rọra wa ọkọ̀ dé gáréèjì. Ní ọjọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Misturah, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n gbé wá síbẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. "Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti pọ̀ jù, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ọ̀rá ikùn yìí sì ń bá wọn ṣe alájọṣe. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbà tí òun tẹ búréèkì, kò yẹ kó máa gbé ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ fún ẹlòmíràn ní mọ́tò náà wà ná. Ẹ máa lo oògùn yìí, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ oúnjẹ yín tò. Bí kò bá sí àyípadà, ẹ óò fi mọ́tò wíwà sílẹ̀ pátápátá ni."

Báyìí ni Japhet ṣe di èrò nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Hassan, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ti kú, ló ń wà á. Japhet jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó káwọ́ sórí ikùn, ó ń wo bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń pààrọ̀ jíà fún un. Ó búra pé òun yóò padà sídìí ọkọ̀ yẹn, bó bá tilẹ̀ gba kí òun fi ohun tí òun fẹ́ràn jù láyé sílẹ̀.

Ó sì fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dín oúnjẹ kù, iyán ni yóò fi sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ojúlé kejì kò gbọ́ ìró odó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n kóra jọ wá bẹ Japhet pé, ohun yòówù kí ìyàwó rẹ̀ ti ṣe, kó dárí jì í.

Oṣù kan kọjá. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fikáyọ̀, padà sílé ìwòsàn. Japhet gun òṣùwọ̀n bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn. Ó ti sanra sí i.

"Bàbá Fikáyọ̀, kí lẹ jẹ lónìí?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"N kò tíì jẹun."

"Rárá?"

"Kì í ṣe lónìí nìkan. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti jẹun gbẹ̀yìn."

Nọ́ọ̀sì wo ikùn, ó wo òṣùwọ̀n. "Ó dáa. Kí ló wá wọ ẹnu yín láàárọ̀ yìí, tí kì í ṣe oúnjẹ?"

"Ìyẹn? Búrẹ́dì lásán ni, mo kàn fi ẹ̀pà sí i. Mo ra àkàrà, torí àwọn èrò ń rà á, kò dáa kéèyàn máa wo ẹnu ẹni ẹlẹ́ni. Mínírà kan láti fi ti àkàrà. Dùndú yẹn, Hassan ló rà á."

"Àgbàdo sísun ńkọ́?" ni Ìyá Fikáyọ̀ wí.

"Ìpanu ni gbogbo wọn, ìwọ obìnrin yìí! Nọ́ọ̀sì, ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ Ìlọrin ni yín, ọkà lẹ mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, iyán loúnjẹ."

"Bàbá, ọ̀fun yín kò gbọ́ òwe. Ohun tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, oúnjẹ ló kà á sí. Ẹ padà sídìí iyán yín, kó ṣáà má ju ìkúùkù lọ, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ, kí ẹ sì jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mínírà àti ìpanu lẹ máa fi sílẹ̀. Kí ẹ sì máa rìn."

Ojú ti Japhet. Kì í ṣe ti ikùn. Òun àti ikùn ti mọra tipẹ́. Ohun tó dùn ún ni pé òun ti iyán mọ́lé fún oṣù kan, iyán tí kò ṣẹ ẹnì kan, nígbà tí àwọn ọ̀daràn gan-an ń rìn fàlàlà wọ òun lẹ́nu.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Ìyá Fikáyọ̀ bi í pé: "Ṣé ẹ máa ń gbàdúrà kí ẹ tó jẹ ẹ̀pà?"

"Ta ní ń gbàdúrà lórí ẹ̀pà? Oúnjẹ là ń gbàdúrà lé lórí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, ohunkóhun tí ẹ kò bá lè dìde dúró, kí ẹ ṣí fìlà, kí ẹ dúpẹ́ lé lórí, kò gbọdọ̀ wọ ẹnu yín."

Japhet ní òun gbà. Ọkùnrin kì í kọ àdúrà.

Ní gáréèjì Osi lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ ti ra àkàrà kí orí rẹ̀ tó rántí. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ṣí fìlà, ó dijú. "Baba tó ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run, a dúpẹ́ fún àkàrà yìí…"

"Àmín!" ni gbogbo èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ dáhùn.

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé ìsọjí ti bẹ̀rẹ̀ ni? A fẹ́ máa lọ o!" ni èrò kan pariwo.

"Ẹ ní sùúrù fún wọn," ni Hassan wí. "Ti àkàrà kéré. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ oní-dùndú, àìsùn ni."

Kò pẹ́ tó fi hàn gbangba pé ohun tí Japhet fẹ́ jẹ pọ̀ ju ohun tó fẹ́ dúpẹ́ fún lọ. Bó bá ti rí aláàkàrà lókèèrè, á kọjú sí igbó. Kì í ṣe pé ó rọrùn. Hassan, ẹni burúkú, á ra dùndú gbígbóná, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn gbóòórùn rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì kò dárúkọ òórùn."

Lọ́jọ́ kan tí òórùn náà fẹ́ borí rẹ̀, Japhet ní kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ, òun yóò bá wọn ní gáréèjì. Ó sì fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, nínú oòrùn, nígbà tí ọkọ̀ tó fi owó ara rẹ̀ rà ti lọ. Láti ọjọ́ náà, ibi tó ti bọ́ sílẹ̀ yẹn ló ń bọ́ sílẹ̀ sí lójoojúmọ́, tí á fẹsẹ̀ rìn dé gáréèjì. Lálẹ́, iyán ìkúùkù kan àti òkìtì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni. Bí inú bá ń kùn lẹ́yìn ìyẹn, á ní kó máa kùn, ẹjọ́ kò sí lọ́wọ́ òun mọ́.

Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó parí, ṣòkòtò rẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò dì í mú. Nọ́ọ̀sì Misturah wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó yẹ ṣúgà wò, ó ní kó dijú, ó wá fi òwú kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó ń rìn mí," ni Japhet pariwo. "Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n!"

"Ẹ lè padà sídìí mọ́tò yín. Ẹ má padà sídìí mínírà."

Inú Japhet dùn, ó sì tún ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ní ojú. Nígbà tí ṣúgà ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní tòótọ́, kú ìgbádùn ni wọ́n ń kí i. Nísinsìnyí tí ara yá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bó bá kọjá: "Japhet ti rù o. Ṣé kò sí nǹkan?" Ọ̀rọ̀ náà rìn títí ó fi dé Koro, létí ìyá ìyàwó rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, ìyá náà dé pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì nínú ìjọ rẹ̀, àti kúlà ńlá kan.

"Ọkọ mi, má fi nǹkan pamọ́ fún mi. Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Màámi. Ara mi yá. Ara mi kò yá tó báyìí rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo aláìsàn máa ń sọ." Ó ṣí kúlà. Iyán ni, ó funfun, ó ń gbé èéfín, ó tó èyí tí à ń bá jìjàkadì. "Jẹun kí n rí ẹ."

Japhet tú aago rẹ̀, ó kì í bọ àpò. Ó bu ìkúùkù kan, ó bu ẹ̀fọ́ púpọ̀ lé e, ó pa kúlà dé, ó sì tì í padà sọ́dọ̀ ìyá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ni ìyá bá bú sẹ́kún. "Àgbẹdọ̀! Ẹ ti rí i? Kò lè jẹun mọ́!" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wólẹ̀ yí Japhet ká, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkankíkan kí Olúwa dá gbogbo ẹran ara tó ti sọ nù padà fún un, kó má ṣẹ́ku ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, irú àdúrà bẹ́ẹ̀, ṣé àmín la máa ń ṣe sí i ni?