Ìlú Etíkun Tí Kò Sí Èrò

Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí mo ti wà nílé ọkọ, a ò sì tíì rìnrìn àjò kankan rí tó jẹ́ tàwa méjì péré. Gbogbo ìsinmi tí a bá gbà níbi iṣẹ́, Nàìjíríà la máa ń lò ó sí: ìsìnkú lọ́dún kan, ìgbéyàwó lọ́dún kejì, a ó sì padà sí Houston pẹ̀lú àárẹ̀ tó ju èyí tí a gbé lọ. Ilé wa ní Missouri City náà kò ràn wá lọ́wọ́. Bí ará ìjọ kan ṣe ń jáde ni òmíràn ń wọlé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù nílé iṣẹ́ kẹ́míkà kan létí omi ní Pasadena, wákàtí méjìlá méjìlá, èmi sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹnu ọ̀nà gáréèjì la ti sábà máa ń pàdé, ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan ń lọ, a ó sì kí ara wa bí ará àdúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sétí ibùsùn, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Mo fẹ́ rí òkun tí kò sí páìpù létí ẹ̀," ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí, torí ọkùnrin tí kì í ráhùn ni. Mo pinnu pé a ó lọ, àwa méjì, ọ̀sẹ̀ kan péré. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù láàárín wa lẹ́yìn "ṣé o ti jẹun" àti "kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dà".

Ítálì ni mo yàn, torí ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ti fi fọ́tò òkun ibẹ̀ hàn mí. Àwọn ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo kọ́kọ́ wò lórí fóònù. Ha! Èrò bo iyanrìn bí eèrà tó rí ṣúgà. Bó bá jẹ́ èrò ni mo ń wá, ṣebí mọ́ọ̀lù wà ní Houston. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú máàpù etíkun wò, ìlú kan tẹ̀lé òmíràn. Èyí, ọkọ̀ ojú omi ńlá ń já èrò síbẹ̀. Ìyẹn, òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń kọrin mọ́jú. Mo ń jẹun, mo ń wò ó. Mo ń wa mọ́tò lórí fíríwéè, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí ìlú kékeré kan tí rélùwéè ń dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré lójúmọ́. Mo kọ̀wé sí obìnrin tó ń fi ilé háyà níbẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ tàn wá jẹ o, kò sí nǹkan kan tí èèyàn lè ṣe ní ìlú àwọn. Mo kígbe halelúyà ní kíṣìnnì.

Halelúyà yẹn ni ǹ bá fi mọ sí kíṣìnnì. Lọ́jọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ohun àdúrà dìde, mo dìde. Mo ní kí wọ́n bá wa gbàdúrà ìrìn àjò. Mo dárúkọ orílẹ̀-èdè, mo dárúkọ ìlú, mo sọ ọ̀sẹ̀ tí a ó lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: èèyàn kì í dá lọ sẹ́yìn odi láìjẹ́ kí ará ilé gbọ́. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Kí n tó débi tí mo gbé mọ́tò sí, ọ̀rọ̀ ti dé Spring lápá àríwá Houston, etí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin.

Àwọn ló tọ́ ọkọ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, àwọn náà ló mú un wá sí Amẹ́ríkà. Kò sí ohun tí wọ́n bèèrè tí ọkọ mi lè sọ pé rárá sí. Wọ́n pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ìyàwó mi, mo gbọ́ pé ẹ̀ ń lọ sí Italy."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà need vacation. Mo ti wo passport mi, kò tíì expire."

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, oúnjẹ iwájú rẹ̀ ló tẹjú mọ́. "Àǹtí mi ni," ló wí. "Kí ni kí n sọ fún wọn?" Inú bí mi gidigidi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ti ìkòkò láti ibí dé ọ̀hún. Lọ́jọ́ kẹrin, mo wa mọ́tò lọ sí Spring, èmi nìkan.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá tí ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ sì ti fọ́n ká. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, òmíràn ń sọ̀rọ̀ ní kíṣìnnì, ẹnikẹ́ni ò wò wọ́n. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Àwa méjì nìkan la fẹ́ lọ. Ibi tó dákẹ́ là ń wá."

Wọn ò pariwo. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, wọ́n rìn lọ pa ti kíṣìnnì, wọ́n sì padà wá jókòó. Fìríìjì nìkan ló ń dún.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ni wọ́n wí. "Ohun tí ẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ wọ plane nìyí. Ó kún ilé mi."

Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà pé a ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni ọkọ mi bi mí nígbà tí mo délé.

"Wọ́n ní ká lọ ire."

Mi ò purọ́, àmọ́ mi ò sọ gbogbo ẹ̀.

A lọ. Obìnrin onílé yẹn ò tàn wá jẹ: òkun, àwọn arúgbó mélòó kan lórí bẹ́ǹṣì, ó parí. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí. Ohun tí mo wá nìyẹn, mo sì rí i gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ìtàn tó sọ tí Àǹtí ò sí níbẹ̀: Àǹtí pọ̀n ọ́n sọdá odò, Àǹtí fi oúnjẹ tiwọn sílẹ̀ fún un. Ìdí mi ò lè balẹ̀ lórí àga, torí ilé Àǹtí tó dákẹ́ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ kẹta, mo dìde láàárín ìtàn kan, mo ní mo fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni níbẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Houston. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, mo pe Àǹtí.

Wọ́n gbé e kí fóònù tó dún lẹ́ẹ̀kejì.