Èènì Wàrà Lọ́nà Ìfọ́n

Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì kò mọ màlúù kan ju èyí tó ń jẹ nínú ọbẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Ó ti kà á nínú ìwé àwọn onímọ̀ òkè òkun pé ọ̀rá kan wà nínú wàrà màlúù tó ń jẹ koríko tútù, tó ṣeé ṣe kó ṣe ara lóore. Iṣẹ́ tèmi ni láti yọ ọ̀rá yẹn, kí n pò ó mọ́ ògì àwọn ọmọdé, kó má baà léfòó bí epo ṣe ń léfòó lórí omi. Ẹyin ni mo fi ń so wọ́n pọ̀.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Ilé wa wà ní Ìlọ́bù, gáà Fúlàní tí mo ti ń ra wàrà sì wà lọ́nà Ìfọ́n. Ìyá mi kò fẹ́ kí n máa lọ síhà ibẹ̀ nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n màlúù kì í bèèrè ààlà lọ́wọ́ ọba kankan. Láràárọ̀ ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ gbà á, kí n tó gbé e wọ mọ́tò lọ sílé ẹ̀kọ́.

Obìnrin tó ń tà á gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bó bá ti wọn wàrà sínú ìgò mi tán, màá ní, “Ìyá, èènì mi ńkọ́?” Bí a ṣe ń rajà nílé wa nìyẹn, ẹni tí kò gba èènì, wọ́n á ní kò mọ ọjà rà. Á wọ ahéré lọ, á bu díẹ̀ wá. Mo rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò lé mi wọ inú ahéré rẹ̀, mo rí ibi tó ti ń bu èènì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, tí egungun èjìká rẹ̀ yọ síta, ló di igbá wàrà kékeré kan mú. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó da ìdajì rẹ̀ sínú ìgò mi. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ti mọ́ ọn lára.

“Ṣé tọmọ yìí lẹ ti ń fún mi látọjọ́ yìí?”

“Òun náà ni.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ẹ ò bi mí. Àlejò tó bá bèèrè wàrà, a kì í sọ pé kò sí.”

Mo jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Ojú ló ń tì mí, mo sọ ọ́ di ìbínú. Mo da èènì ọjọ́ yẹn padà sínú igbá, n kò sì bèèrè mọ́. Ṣùgbọ́n ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti wà nínú fíríìjì ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá, ó ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi.

Nígbà tí ògì náà pò pọ̀ dáadáa, tí ọ̀rá kankan kò léfòó mọ́, ọ̀gá pe ènìyàn mẹ́wàá wá tọ́ ọ wò. Òfin ìtọ́wò ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e mì. Wọ́n tọ́ ọ, wọ́n tu ú sí garawa, wọ́n fomi ṣan ẹnu, wọ́n kọ máàkì. Gbogbo wọn ló ti jẹun yó kí wọ́n tó wá.

Ọ̀gá ní iṣẹ́ náà dára gan-an. Èmi ni mo gbé garawa lọ dà sí gọ́tà. Ohun tí wọ́n tu dànù láàárọ̀ ọjọ́ kan pọ̀ ju gbogbo èyí tí mo gbà lẹ́nu ọmọ yẹn lọ́sẹ̀ kan lọ.