Ọmú Ọ̀tún Ni Ti Bàbá Mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà fún wa. Ó ní ọgbẹ́ inú tó ń da bàbá mi láàmú ti kọjá oògùn, iṣẹ́ abẹ ló kù, ṣùgbọ́n bí bàbá ṣe rù tó yẹn, òun ò ní fi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Kí n mú wọn lọ sílé, kí n bọ́ wọn dáadáa, kí wọ́n fi kílò méjì kún ara. Kò gbọdọ̀ sí ata, kò gbọdọ̀ sí epo, kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun tó le. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń rán mi lọ ra búrẹ́dì.

Ìjọba alágbádá ò tíì ju ọdún méjì lọ tó padà dé nígbà náà. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ti gbà pé iná ò ní máa lọ mọ́. Irọ́ ni. Abọ́ ni mo ń kó sínú fìríìjì mi nílé ní Ladi-Lak, ní Bàrígà. Ohun tí mo bá sè láàárọ̀ kí n tó lọ di ìwé níbi iṣẹ́, bó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti kan. Èmi nìkan sì ni ọmọ tó wà nílé.

Bàbá mi kò dá wá láti Ìjẹ̀bú. Ewúrẹ́ kan tó lóyún ni wọ́n fà lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ò rí ẹni tí àwọn lè fi í tì. Mo bínú, mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ro mí, wọ́n kàn ń so ewúrẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilé ni. Kò pẹ́ tó fi bímọ. Méjì ló bí, ọ̀kan kú lọ́jọ́ kejì. Èyí tó kù ni bàbá mi ń ṣọ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ̀kọ ni mo kọ́kọ́ gbé fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sún abọ́ sẹ́yìn.

“Oúnjẹ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú lèyí.”

Mo bọ ọ̀dùnkún, wọ́n ní ó dùn jù. Mo bọ ẹyin, wọ́n ní ó ń rùn. Mílíìkì inú agolo ń da inú wọn rú, wàrà màlúù tí wọ́n ń kiri ní àdúgbò Pedro sì lé wọn lọ sí ṣáláńgá lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sì ti kọ oúnjẹ tán, ìbéèrè kan náà ni wọ́n á bi mí:

“Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?”

Ìbéèrè yẹn máa ń bí mi nínú. Ṣé èmi ni dókítà ń wọ̀n ni? Màá dáhùn pé mo ti jẹ, màá sì jáde. Búrẹ́dì lásán ni mo ń jẹ nídìí iṣẹ́, nígbà mìíràn n kì í jẹ nǹkan kan rárá.

Mẹ́gàdí ilé ìtẹ̀wé wa ló gbà mí nímọ̀ràn. Mo ń ṣàlàyé wàhálà mi fún un lẹ́nu géètì, ó sì yà á lẹ́nu.

“Ṣé ewúrẹ́ wà nílé yín, ẹ wá ń ra ti màlúù? Màdáámù, ti ewúrẹ́ ló fúyẹ́ nínú. Ní ìlú wa, àgbàlagbà tí kò léyín mọ́ gan-an, wàrà rẹ̀ tí wọ́n mú dì ló ń jẹ. No wàhálà.”

Kò sí wàhálà lóòótọ́, fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo gbé ife lọ sídìí ewúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣe ni bàbá mi dìde lórí àga.

“Kí lo fẹ́ ṣe sí i?”

“Mo fẹ́ fún ọmú rẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ta lo rí tó fún ewúrẹ́ lọ́mú rí nílé wa?”

“Ṣé èèwọ̀ ni?”

“Kì í ṣe èèwọ̀. Ìtìjú ni.”

Mo fún un. Ewúrẹ́ ta mí nípàá lọ́rùn ọwọ́, ó da ife nù lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo rí kó jọ kò kún ife kan. Ewé bomubómu tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń mú wàrà dì, n kò rí i ní gbogbo Bàrígà, ni mo bá bu omi ògì tó ti kan. Mo gbé mílíìkì kaná, bó ṣe hó báyìí ni mo da omi ògì sí i, ó sì pín, funfun lọ sókè, omi lọ sísàlẹ̀. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, mo fún un, mo gbé ọmọ ọlọ lé e. Odindi wákàtí méjì, wàrà tó jáde kò ju ẹyin adìyẹ kan lọ. Mo bù ú sẹ́nu. Òbúkọ ni mo ń jẹ! Mo tu ú dànù, mo jókòó sórí ilẹ̀ kíṣìnnì, mo sunkún ìbínú.

Mẹ́gàdí fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní ṣé òbúkọ ń bá ewúrẹ́ náà gbé ni? Mo ní ti ilé kejì kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òórùn rẹ̀ ló ń wọnú mílíìkì, kí n yà wọ́n, kí n máa fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ọmú. Ó tún ní kí n máa bo ọmọ mọ́ abẹ́ agbọ̀n, kó má baà mu ún tán kí n tó dé. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Èyí tí mo ṣe tẹ̀lé e kò rùn mọ́. Ó rọ̀, ó tutù lẹ́nu, ó kan díẹ̀.

Bí mo ṣe di ọ̀gá nìyẹn. Mo rún un sórí ọ̀dùnkún tí mo ti gún pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Mo bọ tẹ̀tẹ̀ tútù, mo fún omi rẹ̀ dànù, mo pò ó mọ́ wàrà. Mo là á sáàárín ẹ̀kọ tútù. Màá gbé e fún bàbá mi kí n tó lọ síbi iṣẹ́, bí mo bá dé, abọ́ á ti mọ́ tónítóní. Mo wá ń yan kiri ní ilé ìtẹ̀wé, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé bàbá mi ti ń jẹun.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, mo mú wọn lọ wọ̀n. Wọ́n ti dín ní kílò kan. Dókítà wò mí tìfura-tìfura, ó béèrè bóyá mo ń fún bàbá lóúnjẹ lóòótọ́. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Bàbá mi ń wo ògiri.

Lọ́jọ́ kẹta sí i, iná lọ níbi iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí mo wọ àgbàlá wa. Bàbá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé ọmọ ewúrẹ́ sáàárín ẹsẹ̀, wọ́n ń fi ìka bu oúnjẹ tí mo sè sí i lẹ́nu. Ẹ̀kọ àti wàrà. Inú abọ́ mi!

Mo pariwo. N kì í pariwo mọ́ bàbá mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà, àwọn ará ilé kejì yọjú. Mo ní mo ń jí ní ìdájí, ewúrẹ́ ń ta mí nípàá, ọwọ́ mi ń jó lórí iná, kí wọ́n lè yè, wọ́n wá ń fi bọ́ ẹran. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kú sí mi lọ́rùn ni?

Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ohun tó yẹ kó mu lò ń gbà lẹ́nu rẹ̀. Wò ó.”

Mo wò ó. Egungun ìhà rẹ̀ ṣe é kà. Èmi tí mo ń bo agbọ̀n lé e lórí láràárọ̀, n kò wò ó rí.

“Ọ̀kan ti kú,” ni bàbá mi wí. “N kò lè máa jẹ oúnjẹ èyí tó kù. Kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi.”

Wọ́n na ìka sí ìyá rẹ̀. Wọ́n ní: “Ọmú méjì ló ní. Òsì fún ọmọ rẹ̀, ọ̀tún fún èmi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, màá jẹ.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ní kí wọ́n jẹun, wọn ò gbà, àfi ìgbà tí wọ́n bá ewúrẹ́ pín in. Ó dùn mí. Síbẹ̀, mo ń fi àkísà so ọmú ọ̀tún láràárọ̀ kí ọmọ má baà kàn án, mo sì ń fún un fún bàbá mi. Wọ́n jẹ ẹ́ lójú mi. Wọ́n jẹ ọ̀dùnkún, wọ́n jẹ ẹyin tó ń rùn. Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ kẹfà pé, kílò méjì náà ku díẹ̀ kó pé. Dókítà mí kanlẹ̀, ó ní ó tó.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní bàbá ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu fún ọjọ́ mélòó kan, omi tí wọ́n ń fà sí wọn lára ló ń bọ́ wọn. Mo tú àkísà kúrò, kí ọmọ ewúrẹ́ máa mu méjèèjì. Ó kọ̀! Òsì ló mọ̀, òsì ló ń mu. Ọ̀tún wú, ewúrẹ́ ń ké. Orí kunkun bàbá mi ti ran ẹran. Mo tún gbé ife, mo ń fún ọ̀tún láràárọ̀, mo ń fi ṣe wàrà, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. N kò lè dà á nù lẹ́yìn ìyà tó fi jẹ mí. Ìdúró ni mo ń jẹ ẹ́ ní kíṣìnnì, pẹ̀lú tẹ̀tẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ, pẹ̀lú ìbínú, kí n tó lọ wò wọ́n ní ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ tí wọ́n dé sílé, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n wo ọmọ ewúrẹ́ tó ti ń fò kiri, wọ́n wo ọmú ìyá rẹ̀.

“Ta ló ń jẹ tèmi láti ọjọ́ yìí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọn ò bi mí mọ́ bóyá mo ti jẹun.

“Mo rí i,” ni wọ́n wí. “O ti sanra díẹ̀.”